Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sára ike: ọ̀rọ̀ mi lórí kíríìmù tí à ń fúnra wa pò fún àmì dúdú

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn yìí tó ń dé ọ̀dọ̀ wa déédéé. Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, lẹ́tà tí òǹkàwé kan ti ní kí ẹni tí rorẹ́ bá fi àmì dúdú sí lójú fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ọṣẹ ìfọyín, kó pò ó mọ́ ìpara tó ń lò tẹ́lẹ̀, kó máa fi para láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo mọ̀ pé ire ló ní lọ́kàn, mi ò bá a jà rárá. Àmọ́ nígbà tí mo kà á tán, ọkàn mi ò balẹ̀, torí mo mọ̀ pé àwọn èèyàn á gbìyànjú ẹ̀, mo sì mọ ohun tó máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ọsàn wẹ́wẹ́ náà. Tí wọ́n bá fi ohun tí wọ́n ń pè ní pH wọ̀n ọ́n, ìyẹn ìwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó, bí nọ́ńbà ẹ̀ bá ṣe ń kéré sí i ni nǹkan ṣe ń kan sí i, àárín 2 sí 3 ni omi ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń wà, awọ ara tiwa sì ń wà ní nǹkan bíi 5, ìyẹn ni pé ó kan jù fún ojú èèyàn. Èyí tó tiẹ̀ burú jù ni pé ohun kan wà nínú omi ọsàn yẹn àti nínú èèpo ẹ̀ tó jẹ́ pé tí oòrùn bá ti bá a lára èèyàn, ṣe ló máa jó ara yẹn. Mo ti rí i lọ́wọ́ ìyá kan ládùúgbò wa tó fún ọsàn púpọ̀ níbi ìnáwó lọ́sàn-án gangan, nínú oòrùn. Kò ju ọjọ́ kejì lọ tí ọwọ́ ẹ̀ fi léròrò, nígbà tó sì jinná, gbogbo ibi tí omi ọsàn ṣàn gbà dúdú, ẹ máa rí ìlà ẹ̀ gbọọrọ gbọọrọ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá bí ìgbà tí wọ́n fi èédú fà á, oṣù mélòó kan ló sì fi wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kó pa àmì dúdú rẹ́ ló ń kọ àmì dúdú síni lára yẹn o.

Àmì dúdú tó ń gbẹ̀yìn rorẹ́ kì í ṣe ìdọ̀tí tí èèyàn máa họ kúrò. Ara wa fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é. Tí rorẹ́ bá jáde, tí ẹ̀fọn bá jẹ èèyàn tó sì họ ọ́ jù, tí epo gbígbóná bá ta síni lọ́wọ́, ibi tó wú yẹn á ta àwọn ohun tó ń ṣe aró awọ wa jí, ìyẹn aró tí wọ́n ń pè ní melanin, wọ́n á wá ṣe é ju bó ṣe yẹ lọ. Tí aró náà bá dúró sí òkè awọ, ó máa ń ní àwọ̀ bíi ti kọfí, èyí ni kíríìmù lè ràn lọ́wọ́. Tó bá ti jìn wọlé, á dà bí eérú tàbí kó fẹ́ jọ aró ẹlú díẹ̀, ìyẹn ò gbọ́ ti kíríìmù ilé, ọdún ló máa ń gbà kó tó lọ, ẹ jẹ́ kí dókítà awọ ara bá yín wò ó. Tí ẹ bá ń fi kànìnkànìn ha á, tí ẹ̀ ń fi ohun tó ń ta para á, ṣe lẹ tún ń koná mọ́ ọn, ibẹ̀ á tún wú, aró á tún pọ̀ sí i.

Mi ò wá sọ pé kí ẹnikẹ́ni má po kíríìmù nílé o. Èmi náà ń pò ó, ó ti lé ní ọdún mẹ́ta báyìí, mo ń lò ó, àbúrò mi náà ń lò ó. Pé èèyàn fẹ́ kí àmì lọ lójú òun kò sọ ọ́ di ẹni tó ń bóra, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú ti ọmọdébìnrin kan torí pé ó fẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí á wọ̀n ọ́n, kí á sì kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ sílẹ̀. Kíríìmù tí kò sẹ́ni tó lè ka ohun tó wà nínú ẹ̀ fún yín, kò yẹ kó kan ojú yín.

Bí mo ṣe mọ èyí nìyí. Àbúrò mi obìnrin tó tẹ̀lé mi, rorẹ́ fi àmì sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì nígbà tó ń ṣe àgùnbánirọ̀. Ó lọ bá ẹnì kan tó ń po kíríìmù tà, mi ò ní sọ ibi tó wà. Àǹtí yẹn bi í pé, "Ṣé èyí tó máa mú ẹ pọ́n ni, àbí èyí tó kàn máa tọ́jú ara ẹ?" Àbúrò mi ní òun ò bóra o ma, àmì yìí nìkan lòun fẹ́ kó lọ. Àǹtí ní kò sí wàhálà, pé ọ̀gánííkì ni, ewé àti egbò ni gbogbo ẹ̀, kò sí kẹ́míkà kankan ńbẹ̀. Wọ́n bù ú fún un nínú ike funfun kan, àwọ̀ ẹ̀ rí bíi kọ́sítáàdì. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ karùn-ún, àmì ti ń lọ lóòótọ́, ojú ẹ̀ ń dán, gbogbo wa ń yọ̀, ìyá wa tiẹ̀ ní kó bá òun ra tòun. Nígbà tó di oṣù kẹta, tó bá ti jáde sóòrùn báyìí, ojú ẹ̀ á pọ́n bí ata rodo, á máa ta á, àwọn iṣan pupa tín-ín-rín tín-ín-rín ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú ẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó fi kíríìmù náà sílẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi í sílẹ̀ tí rorẹ́ tú jáde, èyí tó ju ti àkọ́kọ́ lọ, débi pé kò lè fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ìrọ̀rí tó bá fẹ́ sùn.

A lọ bá dókítà awọ ara. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Kí ló wà nínú kíríìmù yẹn?" Àbúrò mi yọ ike náà jáde nínú báàgì ẹ̀. Dókítà gbà á, ó yí i po, ó wo ìdí ẹ̀, ó ṣí i, ó wo inú ọmọrí ẹ̀. Òdòdó kan ni wọ́n yà sára sítíkà tó wà lára ẹ̀, wọ́n kọ "Glow" sí i, ó parí. Kò sí orúkọ ohun kankan, kò sí déètì, kò sí nọ́ńbà NAFDAC. A pe àǹtí yẹn lórí fóònù níwájú dókítà, a gbé e sí sípíkà, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé ma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sọ ohun tí ẹ fi sí i fún wa kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ọmọ yìí. Ó ní, "Ẹ má bínú, àṣírí iṣẹ́ mi nìyẹn." Ó gé fóònù. Dókítà gbé ike náà kalẹ̀ sórí tábìlì, ó ní bí òun ṣe ń wo ojú yìí, ó jọ pé sitẹ́rọ́ìdì ni, irú clobetasol tí wọ́n fi ń wo àwọn àìsàn awọ kan, èyí tí wọn kì í jẹ́ kéèyàn lò pẹ́ rárá, tí wọn kì í sì í fẹ́ kó kan ojú, àmọ́ òun ò lè búra sí i torí kò sí nǹkan tóun máa kà. Oṣù mẹ́sàn-án la fi tọ́jú ojú yẹn. Mi ò tíì gbàgbé bí dókítà ṣe ń yí ike yẹn po tó ń wá ohun tó máa kà.

Ìpara tó bá ń mú àmì lọ wàràwàrà, ní ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ fura sí i, ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta yìí. Sitẹ́rọ́ìdì tí mo sọ yẹn, ó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mẹ́kúrì, ìyẹn máa ń gba inú awọ wọlé lọ bá kídìnrín jà, kò sì dáa fún ọmọ inú, débi pé àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lé lórí ní 2013 fòfin de ìpara abóra tí wọ́n bá fi mẹ́kúrì sí. Ẹ̀kẹta ni hydroquinone, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń bóra, òun làwọn èèyàn mọ̀ jù, òun ló sì dùn mí jù torí ẹni tó bá lò ó fún ọdún púpọ̀ lè wá rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun dúdú jú ti tẹ́lẹ̀ lọ, dúdú tó fẹ́ jọ búlúù, tó rí gbúngbùngbún lọ́wọ́, tí kò sì ní lọ mọ́. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 1975, àwọn náà ló sì fòfin dè é nínú ìpara ní 1990, ilẹ̀ Yúróòpù tẹ̀ lé wọn ní 2001. Níbí, NAFDAC kéde ní 2023 pé ọ̀rọ̀ ìpara abóra ti di pàjáwìrì. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ NAFDAC ò lè wọ ilé ìdáná gbogbo èèyàn lọ wo ohun tí wọ́n ń pò.

Bí mo ṣe ń po tèmi nìyí, ìwọ̀n gíráàmù 100 ni mo máa ń pò lẹ́ẹ̀kan, mi kì í pò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní síkéèlì kékeré kan, irú èyí táwọn tó ń ta góòlù fi ń wọn wúrà, òun ni mo kọ́kọ́ rà kí n tó ra páúdà kankan. Ṣíbí ò ṣe é gbára lé, torí páúdà kan á fúyẹ́ fẹ́rẹ́, òmíì á wúwo, ṣíbí kan náà ni ẹ fi bù ú àmọ́ ìwọ̀n wọn ò dọ́gba. Omi tí wọ́n ti sè di ooru tí wọ́n sì gbà padà, tí wọ́n ń tà nínú ìgò, gíráàmù 71. Niacinamide, páúdà kan tó jẹ́ oríṣi fítámì B3, gíráàmù 4. Alpha arbutin, páúdà tó ń dín aró awọ kù, gíráàmù 2, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ̀n yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí fún ìpara ojú, ti ara ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìdajì gíráàmù péré nínú 100 ni. Gílísírínì 4. Emulsifying wax 6, òun ló máa ń mú omi àti òróró ṣọ̀kan. Òrí 4, láti Ṣakí ni ẹ̀gbọ́n mi kan ti ń bá mi rà á bọ̀, òróró tó fúyẹ́ 8, phenoxyethanol tí kì í jẹ́ kí kíríìmù bàjẹ́ 1. Ẹ rò ó pọ̀, ó pé 100.

Mo máa ń yọ omi gíráàmù 20 sọ́tọ̀ nínú 71 yẹn, ibẹ̀ ni mo ti ń yọ́ páúdà méjèèjì. Omi tó kù àti gílísírínì á wà nínú abọ́ kan, òrí àti òróró àti wax á wà nínú ìkejì, màá gbé abọ́ méjèèjì sínú ìkòkò omi gbígbóná títí wọ́n á fi gbóná dé nǹkan bíi ìwọ̀n 70 lórí Sẹ́ńtígíréèdì tí wax á sì yọ́ tán, màá wá rọra da olómi sínú olóròóró, màá sì máa rò ó. Ibẹ̀ ló máa ń dùn mọ́ mi jù, ẹ máa kọ́kọ́ rí i tí òróró ń sá fún omi, tó ń léfòó kiri, tí ẹ bá ń rò ó lọ, lójijì ni gbogbo ẹ̀ á funfun báláú bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná, á sì máa ki bó ṣe ń tutù. Mi kì í sáré. Ìgbà tí abọ́ bá ti ṣe é gbé lọ́wọ́ lásán tí kò jóni mọ́ ni màá tó da omi páúdà yẹn sí i, torí alpha arbutin ò fẹ́ iná, tí wọ́n bá sè é tàbí tí wọ́n bá fún ohun kíkan sí i, ó lè yí padà di hydroquinone yẹn gan-an tí à ń sá fún. Ìdí mìíràn nìyẹn tí ọsàn wẹ́wẹ́ ò gbọ́dọ̀ fi kàn án. Phenoxyethanol ló máa wọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Màá fi bébà pH yẹ̀ ẹ́ wò, mo fẹ́ kó wà láàárín 5 sí 6.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pò ó, mi ò fi phenoxyethanol yẹn sí i, torí èmi náà ti gbọ́ pé kẹ́míkà ò dáa. Ọjọ́ kẹsàn-án, mo ṣí i, mo rí àwọn ohun dúdú wínníwínní lábẹ́ ọmọrí, ó sì ń rùn bí ẹ̀kọ àná. Mo dà á nù. Omi tó wà nínú kíríìmù, kòkòrò tí ojú ò rí náà ń mu ún, ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ ohunkóhun tó máa lé wọn sínú kíríìmù olómi, kòkòrò yẹn ló máa fi para ojú. Tí èèyàn ò bá fẹ́ ẹ ní tòótọ́, kó fi omi sílẹ̀ pátápátá, kó lo òrí àti àdí àgbọn lásán, ìyẹn dáa fún ara gbígbẹ nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n kò ní pa àmì rẹ́, àwọn páúdà yẹn ò sì ní yọ́ sínú òróró.

Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá yín fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó gbé e dé ojú, ẹ má ṣe fi pa ọmọ kékeré, aláboyún sì gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹ̀ ná. Kó sì yé yín pé awọ èèyàn máa ń gbà tó nǹkan bí ọjọ́ 28 kó tó pààrọ̀, torí náà ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá lẹ máa fi wò ó. Mo máa ń ya fọ́tò ojú mi lójú fèrèsé kan náà, láàárọ̀, lọ́jọ́ kìíní oṣù, torí dígí lójoojúmọ́ ò ní jẹ́ kéèyàn rí ìyàtọ̀.

Gbogbo làálàá yìí, tí ẹ ò bá bo ojú yín lọ́wọ́ oòrùn, ẹ̀ ń fi agbọ̀n gbọ́nmi ni. Oòrùn tó ń ràn sí ojú àmì náà ló ń sọ fún un pé kó máa dúdú lọ, bóyá ẹ̀ ń tajà lábẹ́ agboòrùn ni o, bóyá ẹ wà lórí ọ̀kadà. Sunscreen, ìyẹn ìpara tó ń dá oòrùn dúró, tó bá ní SPF 30 sókè (SPF ni nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ń dáàbò boni tó) ni kí ẹ rà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ gbọọrọ sórí ìka méjì kó kún, ìyẹn ló tó ojú àti ọrùn, kí ẹ tún un pa ní wákàtí méjì méjì tí ẹ bá wà níta, kí ẹ sì dé fìlà tàbí kí ẹ we gèlè tó yọ síwájú. Èyí ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má pò nílé o, mo ti ń rí àwọn tó ń da páúdà zinc sínú ìpara tí wọ́n ń pè é ní sunscreen. Kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá ó ń dá oòrùn dúró, ilé àyẹ̀wò ni wọ́n ti ń yẹ ìyẹn wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ mi sí àwọn tó ń pò ó tà, púpọ̀ nínú wọn ọmọbìnrin bíi tiwa ni, iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ, mi ò sì fẹ́ kí ọjà wọn kú. Mo ti rí ẹni tó da odindi páúdà kojic, òun náà ń dín aró awọ kù, gíráàmù 100 sínú lósọ̀n lítà kan, ẹ ṣírò ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9 nínú 100, bẹ́ẹ̀ 1 péré nínú 100 ni ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù yẹn gbà fún ojú àti ọwọ́. Kò mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ ṣe èèyàn ní ibi, kò kàn wọ̀n ọ́n ni. Òmíì á ra ìpara márùn-ún tí wọ́n ti ṣe tán, á dà wọ́n pọ̀, kò sì mọ ohun tó wà nínú ọ̀kankan wọn. Ẹ̀yin àǹtí wa, ẹ̀yin àbúrò wa, a ò ní kí ẹ kọ bí ẹ ṣe ń pò ó, bí ẹ ṣe ń rò ó, àṣírí yín nìyẹn lóòótọ́. Orúkọ ohun tó wà ńbẹ̀ nìkan ni kí ẹ kọ, àti ọjọ́ tí ẹ pò ó. Ìyá alágbo gan-an, tí ẹ bá bi í, á dárúkọ ewé rẹ̀ fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin oníbàárà náà, tí wọ́n bá ní àṣírí ni, ẹ rọra dá ike padà, ẹ sọ pé ẹ ṣeun ma.

Olóòtú wa, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé èyí jáde kí àwọn tó ti gé ọsàn sílẹ̀ lè rí i kí oòrùn tó bá wọn.

Àbúrò mi ti ń ṣe dáadáa báyìí, àmì méjì ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì ẹ̀. Ike kíríìmù tiẹ̀ wà níwájú mi níbí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ bébà mọ́ ọn ni: omi 71, niacinamide 4, arbutin 2, gílísírínì 4, wax 6, òrí 4, òróró 8, phenoxyethanol 1, ọjọ́ tí mo pò ó, àti "má lò ó ju oṣù méjì lọ". Kì í gbà á lọ́wọ́ mi mọ́ láìkọ́kọ́ kà á tán.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.